Ta Ni Ẹ Ń Kọ Ọ́ Fún?

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ sọ́fítíwíà orin àti ohùn ní Yaba, ní Surulere àti ní Mushin, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ mi kò ní dùn létí yín. Ariwo yín ti pọ̀ ju iṣẹ́ yín lọ. Ojoojúmọ́ lẹ ń kéde pé ẹ ti gbé nǹkan tuntun síta: èyí ń dún bíi dùndún, èyí ń yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò nínú ohùn oníwàásù, èyí ń jẹ́ kí olórin fújì gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Ẹ ní open source ni, pé kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, kí gbogbo ayé wá mú. Gbogbo ayé wá, wọn kò rí nǹkan kan mú.

Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò ju àwòrán aláràbarà kan lọ, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ ní lẹ́tà gàdàgbà, àti kóòdù tí kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́ di ohun tó ń ṣiṣẹ́ àyàfi ẹni tó kọ ọ́. Ọmọ kan ní Idi-Oro gbà á sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó pàṣẹ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní òun ń wá fáìlì kan nínú Desktop ẹni tó kọ ọ́. Desktop tìrẹ! Ṣé kó wọ mọ́tò wá sílé yín ní Akoka wá mú un ni? Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ pé kò ṣiṣẹ́, o dá a lóhùn pé lórí ẹ̀rọ tèmi, ó ń ṣiṣẹ́. Ìdáhùn yẹn ti sú mi. Bí iṣẹ́ rẹ kò bá lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, o kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ẹ kò sì lè ní ẹ kò rẹ́ni kọ́ yín. Yabatech ti wà ládùúgbò yín láti 1947, wọ́n sì dá Yunifásítì Èkó tó wà ní Akoka sílẹ̀ ní 1962. Láti 2011 ni CcHub, ibùdó àwọn oníṣẹ́ sọ́fítíwíà, ti ṣílẹ̀kùn ní Herbert Macaulay Way, Andela tó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ sọ́fítíwíà sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó yìí ní 2014. Bósún Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn tó dá CcHub sílẹ̀, ti di mínísítà ní 2023. Àwọn ọ̀dọ́ bíi tiyín ló dá Open Source Community Africa sílẹ̀ ní 2018, tí wọ́n sì pe àpéjọ ńlá ní Èkó ní oṣù Kejì 2020, kí àrùn Kòrónà tó ti gbogbo wa mọ́lé. Ìmọ̀ kún àdúgbò yín fọ́fọ́. Sùúrù láti parí iṣẹ́ ni ẹ kò ní.

Òǹkàwé mìíràn kì í ṣe ọmọ iṣẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Kóòdù lásán kì í dún. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀, kó sì so ó pọ̀ mọ́ àwọn kóòdù mìíràn tó gbára lé, ìyẹn láíbúrẹ́rì, kó tó di ohun tí olórin lè tẹ̀ kó gbọ́ ohùn. Iṣẹ́ yìí ni àwọn ọmọ Yaba ń pè ní build. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń dì í: wọn á kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹrù kan tí ẹnikẹ́ni lè gbà, tí ẹ̀rọ onítọ̀hún á sì mọ ibi tí yóò gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí, pàápàá àwọn ará GNU tó ń kọ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́, ti fẹnu kò lórí bó ṣe yẹ kó rí. O tẹ configure, o tẹ make, o tẹ make install, ó parí. Ẹni tó ń gbà á ló ń yan ibi tó fẹ́ kó wà, ìyẹn prefix. Ohun tí o fọwọ́ ara rẹ kọ́ ń lọ sí /usr/local, ohun tí àwọn tó ń di Linux, bíi Debian tàbí Ubuntu, dì fún ọ ń lọ sí /usr, kí ọ̀kan má baà pa èkejì rẹ́. DESTDIR sì wà, kí ẹni tó fẹ́ dì í lè kọ́kọ́ kó gbogbo ẹrù sí fódà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní kó tó so ó.

Ẹ wo gbogbo èyí, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ti ayé àtijọ́ ni. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn àṣà wọ̀nyẹn tí ẹnì kan kò jìyà kó tó di àṣà. Nítorí pé ẹ kò tẹ̀lé e, ẹ wá kọ install.sh tó ń béèrè sudo, ìyẹn agbára ọ̀gá ẹ̀rọ, tó ń da fáìlì sínú /usr/lib lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, tí kò sì sí bí olóhun ṣe lè kó o kúrò mọ́ lọ́jọ́ tó bá sú u. Bẹ́ẹ̀, plugin, ìyẹn ẹ̀yà tí a ń fi kún sọ́fítíwíà orin, ní ibùgbé tirẹ̀. Ti LV2 ni fódà .lv2 nínú ilé oníǹkan, tàbí /usr/lib/lv2 fún gbogbo ará ilé. VST3 náà ní .vst3. Ardour, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀, mọ ibẹ̀, ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà orin lórí Linux náà sì mọ ibẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbé e síbi tó bá wù yín, kí olórin wá máa wá a kiri.

Ẹ tilẹ̀ sún mọ́ Ladipo. Ẹ rìn dé ọjà yẹn ní Mushin, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Oníbàárà kì í gbé ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú ọjà. Orúkọ ọkọ̀, ọdún rẹ̀ àti nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀yà náà ló ń sọ, òǹtajà á sì mọ̀ bóyá yóò wọlé tàbí kò ní wọlé. Bí àwọn tó ń ṣe é bá yí ojú ihò rẹ̀ padà láìyí nọ́ńbà, gbogbo ọjà yóò dàrú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí ẹ ń ṣe sí láíbúrẹ́rì yín nìyẹn. Ẹ yí bí wọ́n ṣe ń pe iṣẹ́ kan padà lóru, ẹ kò yí nọ́ńbà, ẹ kò fi àmì kankan sí i, gbogbo ohun tó gbára lé e sì ṣubú láàárọ̀. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà rárá. A bi í pé ẹ̀dà wo ni, ó ní èyí tó tuntun jù. Tuntun jù ní ọjọ́ wo?

Èyí tó ń dùn mí jù lọ ni ọ̀rọ̀ processor. Iṣẹ́ ohùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀rọ bá ń ka ohùn ní ìgbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a sì ń kó o fún un ní 256 lẹ́ẹ̀kan, àyè tó ní láti parí iṣẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju bí ìdá kan nínú igba ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ohùn á já, á máa ta pàpà létí olórin. Mo mọ ìdí tí ẹ fi ń wá eré, n kò bá yín jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú: ẹ kọ -march=native sínú fáìlì build, ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àṣẹ yẹn ń wí ni pé kí ẹ̀rọ túmọ̀ kóòdù fún irú processor tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, kó má ro ti ẹlòmíràn. Ẹ wá ṣe build náà lórí láptọ́ọ̀pù tuntun tí ọ̀gá rà fún yín, ẹ gbé èyí tó jáde síta fún gbogbo ènìyàn.

Láptọ́ọ̀pù wo ni àwọn ọmọ Mushin ń lò? Tòkunbọ̀ ni. Ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀n ti lò gbó ni, tí wọ́n kó dé Computer Village ní Ikeja, tí ìyá ọmọ náà sì dá àjọ kó tó rí owó rẹ̀ san. AVX2, ọ̀kan nínú àwọn àṣẹ tó ń mú processor yára, wọ inú processor Intel ní 2013. Èyí tó ti dé ṣáájú kò ní in, àwọn Celeron àti Pentium olówó pọ́ọ́kú kan tó dé lẹ́yìn náà pàápàá kò ní in. Ọmọ yìí tẹ plugin yín, ẹ̀rọ kọ Illegal instruction sójú rẹ̀, Ardour tó ṣí sílẹ̀ sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́, tòun ti orin tí kò tíì fi pamọ́. Òun á rò pé láptọ́ọ̀pù òun ló bàjẹ́. Kò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ òun.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Kí build yín kọ́kọ́ jẹ́ èyí tí ẹ̀rọ gbogbo lè gbé. Ìpìlẹ̀ tí Debian ń lò fún amd64 kò kọjá SSE2, tó ti wà ṣáájú AVX2, ó sì ti tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ eré tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ ọ̀nà méjì-mẹ́ta sínú iṣẹ́ náà, kó bi processor léèrè nígbà tó bá ń dìde, kó wá yan èyí tó bá a mu. Bí Ardour ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe build lè fi CFLAGS àti CXXFLAGS tirẹ̀, ìyẹn àṣẹ fún ohun tó ń túmọ̀ kóòdù, sí i. Ẹ má fi tiyín pa tirẹ̀ rẹ́. Òun ló mọ ẹni tó fẹ́ dì í fún.

Ìwà ìkà mìíràn ni build tó ń lọ gba nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín iṣẹ́. Ẹ̀yin tí iléeṣẹ́ ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì fún ní Yaba, ẹ kò mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń ra dátà ní gígì kọ̀ọ̀kan ló mọ̀ ọ́n. Ó ṣe build dé ìdajì, ẹ̀rọ ní òun tún fẹ́ gba láíbúrẹ́rì kan; NEPA mú iná lọ, ìsopọ̀ já, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, dátà tún jẹ. Ìlànà Debian kà á léèwọ̀ pátápátá: ohun tó bá fẹ́ wọ inú àkójọ wọn gangan kò gbọ́dọ̀ yọjú sí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà build. Kì í ṣe nítorí NEPA wa ni wọ́n fi ṣòfin yẹn, ṣùgbọ́n ó bá wa mu ju bó ṣe bá wọn mu lọ. Bí ojúlé tí ẹ ti ń gba nǹkan bá pa rẹ́ lọ́la, iṣẹ́ yín ti kú nìyẹn.

Àwọn ńlá náà ń ṣe irú àṣìṣe yìí, n kò ní purọ́. Audacity, tó jáde ní 2000 láti Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Surulere fi ń gé ìwàásù, bọ́ sọ́wọ́ Muse Group ní 2021. Láyé wọn ni build rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo Conan láti lọ kó láíbúrẹ́rì wá, àwọn tó ń dì í fún Linux sì ní láti wá ọgbọ́n dá kí wọ́n tó rí i dì. Audacity ní owó, ó sì lórúkọ. Ènìyàn á forí ṣe fọrùn ṣe kí ó lè wà. Ta ló máa forí ṣe fọrùn ṣe fún tìrẹ?

Kí n tó kúrò níbẹ̀: ẹ yéé sọ fún ènìyàn pé kó gba zip tí GitHub ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé submodule, ìyẹn kóòdù ibòmíràn tí ẹ so mọ́ tiyín, ló kún inú iṣẹ́ yín. Zip yẹn kì í kó submodule mọ́ra. Fódà òfìfo ni ọmọ ọlọ́mọ yóò bá. Ẹ fọwọ́ ara yín di ẹrù náà, kó pé, kó ní nọ́ńbà.

Ẹlòmíràn á bi mí pé, Bàbá, èwo wá ni ká lò nínú irinṣẹ́ build, CMake àbí Meson? Ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀, ó tán. Èyí tí mo kọ̀ ni èyí tí ìwọ nìkan hun lóru ọjọ́ kan, tí ìwọ nìkan sì lè tú. Àwọn ńlá pàápàá ti pààrọ̀ irinṣẹ́ build wọn rí. Ardour, tí Paul Davis ti ń kọ láti ìparí 1999, fi SCons sílẹ̀, ó mú waf. Waf rọrùn fún ẹni tó ń kọ kóòdù, àmọ́ fáìlì rẹ̀ kó kóòdù tí wọ́n ti fún pọ̀ sínú, tí ojú ènìyàn kò lè kà, Debian sì ní àwọn kò gbà á bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n tú u palẹ̀. LV2, tí David Robillard ń bójú tó, fi waf sílẹ̀ lọ sí Meson ní 2022. Mixxx tí àwọn DJ ń lò kó kúrò lórí SCons lọ sórí CMake, ẹ̀dà 2.3 ti 2021 ló gbé e dé. JUCE náà, tí púpọ̀ nínú yín fi ń kọ plugin, ti gba CMake láyè láti ẹ̀dà 6 ní 2020. Ẹ̀yin ṣì wà lórí kí ẹ máa fi eku kọ̀ǹpútà tẹ bọ́tìnnì ní Projucer, irinṣẹ́ JUCE, kí ẹ máa kó gbogbo ohun tó bá tú jáde ránṣẹ́.

Kí n má ṣègbè: àwọn tó ń dì í náà ní ẹjọ́ tiwọn. Àwọn Ardour kì í fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀dà tí ẹlòmíràn dì, wọ́n ní àwọn tó ń dì í máa ń pààrọ̀ láíbúrẹ́rì tí àwọn yàn, tí iṣẹ́ á wá máa ṣe ségesège. Wọ́n fi kóòdù sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń gba owó lórí èyí tí àwọn fúnra wọn ti dì tán. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Àmọ́ Ardour ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ pé kó tó bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ìwọ tí o kò tíì ní fáìlì build tó dá múṣémúṣé, o kò tíì dé ibi ìjà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé fáìlì build kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kà, kó rántí xz, láíbúrẹ́rì tó ń fún fáìlì pọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 2024 ni Andres Freund, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà, kéde pé ẹnì kan ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 láíbúrẹ́rì yẹn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú Linux káàkiri ayé. Ohun tó mú un fura ni pé ssh, tí a fi ń wọ ẹ̀rọ tó wà níbòmíràn, ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ṣe é kò fi ohun tó ń jí iṣẹ́ náà dìde sínú kóòdù tí gbogbo ènìyàn ń wò. Inú ẹrù tí wọ́n dì ló fi í sí, nínú fáìlì build, níbi tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kì í wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo pé kí build yín mọ́, kó kúrú, kó ṣeé kà. Ó yẹ kí ohun tó wà nínú ẹrù bá ohun tó wà nínú git mu.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ti ìwé àṣẹ ìlò. Fáìlì LICENSE dà? Bí kò bá sí, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan iṣẹ́ náà, bó ti wù kó wà ní gbangba tó. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022, tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, ka kóòdù kọ̀ǹpútà mọ́ àwọn iṣẹ́ tó ń dáàbò bò. Ohùn dùndún tó wà nínú plugin náà ńkọ́, ta ló lù ú? Bàbá onílù tí ẹ pè wá sí yàrá yín ní Mushin, tí ẹ fún ní owó mọ́tò, ṣé ẹ sọ fún un pé ìlù òun ń lọ sí ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí ní Japan? Ṣé ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbì kan? Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú pé òyìnbó ń jí orin wa!

Orúkọ náà tún mú mi rántí ọ̀ràn kan. Ọláṣubòmí lorúkọ yín, Bọ́sẹ̀dé lorúkọ yín, ẹ wá kọ ìlànà build tó ń kú bí fódà bá ní ọ tàbí ṣ, tàbí bí àlàfo bá wà láàárín orúkọ rẹ̀. Ẹni tó kọ Àwọn Orin Mi sára fódà rẹ̀ ní Surulere kò lè lo iṣẹ́ ọmọ Yorùbá. Ní ti àlàfo, àmì àyọlò kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fáìlì nínú ìlànà yín ni ìwòsàn rẹ̀. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ní kó lọ yí orúkọ fódà rẹ̀ padà sí òyìnbó. Ìtìjú ni.

Ẹ̀yin olórin tí ẹ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín láti ìjókòó yín, ẹ dákẹ́. Ẹ̀dà FL Studio tí wọ́n já ìdè rẹ̀, tí ẹ fi ń ṣe bíìtì ní ẹ̀yìn Ojuelegba, ẹ kò mọ ohun tó bá a wọlé. Iṣẹ́ àwọn ará Image-Line ní Bẹ́ljíọ́mù ni, olè lásán lẹ sì ń jà. Àmọ́ mo mọ ìdí tí ẹ kò fi lo Ardour tí kóòdù rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí wọ́n jí, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí. Àwọn tí wọ́n fún yín ní ti òtítọ́, wọ́n fi iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan há a. Àwọn ọmọ Yaba ni mo bá wí lórí ìyẹn: olè ti ń di ẹrù rẹ̀ dáadáa jù yín lọ.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹni tó ní iṣẹ́ síta yá láptọ́ọ̀pù ẹlòmíràn, kó jẹ́ tòkunbọ̀ bó bá ṣeé ṣe. Kó pa íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tó bá ti gba ẹrù náà tán, kó jókòó ti ọmọ kan tí kò mọ iṣẹ́ náà rí, kó sì pa ẹnu mọ́ nígbà tí ọmọ náà bá ń tẹ̀lé ohun tí òun kọ sílẹ̀. Ibi tó bá há sí ni kó lọ tún ṣe. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìyẹn, kó yọ open source kúrò lójú iṣẹ́ rẹ̀.